Káàdì béésìbọ́ọ̀lù Brooklyn Dodgers tí mo jogún: báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó, kí ni mo sì máa ṣe kí wọ́n má bàjẹ́?

Ọmọ Olósùnta, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọdún 1974 ni àbúrò ìyá mi lọ sí Brooklyn ní ìlú New York, ibẹ̀ náà ló sì gbé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò mọ nǹkan kan nípa béésìbọ́ọ̀lù kó tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n bàbá adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ fún un ní yàrá kò ní ìtàn mìíràn lẹ́nu ju ti Brooklyn Dodgers lọ, ẹgbẹ́ tó ti ṣí lọ sí Los Angeles lẹ́yìn ìdíje ọdún 1957, tí wọ́n sì ti wó pápá rẹ̀, Ebbets Field, palẹ̀ lọ́dún 1960. Bàbá náà a máa ka ọdún tí Yankees, ẹgbẹ́ New York mìíràn, ti lù wọ́n ní World Series, àṣekágbá béésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ṣáájú 1955, lórí ìka ọwọ́ rẹ̀: 1941, 1947, 1949, 1952, 1953. Tó bá ti di ti 1955, ọdún kan ṣoṣo tí Brooklyn gba ife náà, yóò dìde dúró. Báyìí ni bọ̀ọ̀dá mi ṣe di olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tí kò bá nílẹ̀, tó sì ń ra káàdì wọn, páálí pẹlẹbẹ tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bọ̀ọ̀dá kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ẹbí ń pín ilẹ̀ àti mọ́tò, agolo bisikíìtì kan ni wọ́n tì sí ọ̀dọ̀ mi, nítorí pé èmi nìkan ni mo máa ń jókòó gbọ́ ìtàn rẹ̀. Káàdì 61 ló wà nínú rẹ̀. Rọ́bà tó fi dì wọ́n ti gbẹ, ó sì ti lẹ̀ mọ́ èyí tó wà lókè pátápátá. Nígbà tí mo rọra fà á, ó fi ilà kan tó rí bí ìpẹtà sílẹ̀ la ojú Duke Snider, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Dodgers, kọjá. Inú mi bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyí. Ọmọkùnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì nítòsí ọjà wa ní kí n kó gbogbo wọn wá kí òun bá mi láminéètì wọn: ṣé kí n gbà? Èkejì, Jackie Robinson ti ọdún 1952 wà níbẹ̀, ó ń dán, igun rẹ̀ mú, mo sì ti gbọ́ pé káàdì ọdún yẹn kan tà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ojúlówó ni? Ẹ̀kẹta, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 1955 pé fún ìrántí bọ̀ọ̀dá. Ta ni mo yẹ kí n wá?

Ìyá Aláwòrán, Adó-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú wọn. Ilé ìkàwé ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí láminéètì ń ṣe: iná ni wọ́n fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù wọ inú ìwé, tó bá sì ti wọlé, kò tún sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà yọ ọ́ kúrò láìya ìwé náà. Kò sí ẹni tó ń kó káàdì àtijọ́ tí yóò ra èyí tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wa ló yẹ kó kó yín lọ́kàn sókè. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín àpáta ní Ìkéré mọ bí ògiri ṣe máa ń làágùn nígbà òjò. Páálí á mu omi inú afẹ́fẹ́ yẹn, á wú. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sì ká bí ewé kókò tí oòrùn pa. Àlọ àti àbọ̀ yìí gan-an ló ń sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ, ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má gbé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ẹ má gbé wọn sí àjà lábẹ́ páànù, ẹ má sì gbé wọn ti ògiri tí òjò ń nà láti ìta. Àárín ilé ni kí wọ́n wà, nínú àpótí, ní òkè kọ́bọ́ọ̀dù tí ikán kò lè tètè dé. Ẹ fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àpò ọ̀rá tín-ín-rín tirẹ̀, kí ẹ tó wá ki èyí tó ṣe pàtàkì bọ inú ike líle. Ike tí òórùn rẹ̀ bá jọ ti aṣọ òjò tuntun, ẹ má rà á, nítorí pé ohun tó ń mú un rọ̀ yóò jáde wá ba káàdì náà jẹ́ bó bá pẹ́. Àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun dára láti fi mu omi inú àpótí, àmọ́ wọn kì í ṣiṣẹ́ títí ayé. Ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Ní ti ilà rọ́bà ojú Snider, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìrésà nu àbàwọ́n kan lójú fọ́tò bàbá mi nígbà kan rí. Àbàwọ́n náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún bàbá mi bá a lọ.

Ará Ìlawẹ̀

Ẹ kú ìnáwó ẹni tó lọ, ẹ̀gbọ́n. Ìlawẹ̀ ni ilé mi, Maryland ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, ó sì ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń kó káàdì àtijọ́. Ẹ kọ́kọ́ mú rúlà.

Láti 1952 dé 1956, káàdì Topps, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ wọ́n, gùn ní íǹṣì 3¾, ó sì fẹ̀ ní 2⅝, ìyẹn bíi mìlímítà 95 sí 67. Lọ́dún 1957 ni wọ́n dín in kù sí 3½ sí 2½, bíi mìlímítà 89 sí 64, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ jù lọ káàdì ń lò dòní. Nígbà tí Topps fúnra wọn tún ti 1952 tẹ̀ lọ́dún 1983, ìwọ̀n kékeré yìí ni wọ́n lò, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé àtúntẹ̀ ni. Ó ń dà mí láàmú pé Robinson tiyín ń dán tí igun rẹ̀ sì mú. Káàdì tí ọmọdé yọ nínú pákẹ́ẹ̀tì ṣíngọ́ọ̀mù lọ́dún 1952, tó fi ṣeré, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Tí gígùn rẹ̀ bá tọ̀nà, ẹ má tíì yọ̀, torí àwọn ayédèrú kan wà tí wọ́n gé dé ìwọ̀n. Ẹ wá awò tó ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ fi wo lẹ́tà dúdú ara rẹ̀: lára ojúlówó, dúdú náà dì, etí lẹ́tà sì mọ́, lára èyí tí wọ́n dà kọ láti inú ẹ̀rọ, ẹ ó rí i tó fọ́ sí tó-tò-tó kéékèèké.

Ní ti mílíọ̀nù 12.6, Mickey Mantle ti Yankees ni, nọ́ńbà 311, tí wọ́n tà ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sì fún ní 9.5 nínú 10. Robinson ló tẹ̀ lé e gan-an, nọ́ńbà 312. Apá ìkẹyìn nínú káàdì 407 ti ọdún náà ni àwọn méjèèjì wà, apá tó jáde nígbà tí ìdíje ti ń parí lọ tí àwọn ọmọdé kò sì rà á mọ́. Sy Berger, ẹni tó ṣe káàdì náà, ló máa ń sọ ọ́ pé lọ́dún 1960, òun kó èyí tó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀ ojú omi, òun sì lọ dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ wo owó nínú omi!

Ẹ wá gbọ́ ti 1955. Ilé iṣẹ́ méjì, Topps àti Bowman, ló ń du àwọn agbábọ́ọ̀lù nígbà náà, àwọn kan sì wà lọ́dọ̀ ọ̀kan tí wọn kò sí lọ́dọ̀ èkejì, nítorí náà ẹ kò lè rí gbogbo ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan. Lọ́dọ̀ Topps ni ẹ ti máa rí Robinson (nọ́ńbà 50), Hodges (187), Podres (25), Koufax (123) àti Snider (210). Roy Campanella (22) àti Pee Wee Reese (37) wà lọ́dọ̀ Bowman, tí wọ́n ya àwòrán agbábọ́ọ̀lù sínú férémù tẹlifíṣọ̀n onígi. Ó gùn tó ti Topps, àmọ́ 2½ ni ìbú rẹ̀, kí rúlà má bàa dẹ́rù bà yín. Topps ra Bowman lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àìrójú náà sì parí.

Snider yín náà ní ìtàn. Nọ́ńbà 210 ló gbẹ̀yìn nínú Topps ti 1955, àwọn ọmọdé sì máa ń to káàdì tẹ̀léra, wọn a fi rọ́bà dì í. Òun ni rọ́bà ń bá jà káàkiri Amẹ́ríkà, kì í ṣe ní Ìkéré nìkan.

Owó gọbọi ni Koufax nítorí pé káàdì àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ọmọ ọdún 19 ni, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan lọ́dún náà. Tó bá jẹ́ èmi, Podres ni màá kọ́kọ́ wá. Òun ló ju bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1955 tí Yankees kò fi rí àmì kan gbà, tí Brooklyn sì fi 2 sí òdo mú ife lọ. Owó rẹ̀ kò gún ni lára.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Ṣé kò ní dára kí ẹ ta gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi owó náà ṣe nǹkan gidi?

Ìyá Aláwòrán, Adó-Èkìtì

Ọmọ mi, ọkọ mi ní àwòrán IICC Shooting Stars ti 1976 tó gé nínú ìwé ìròyìn, ọdún tí wọ́n gba ife Áfíríkà, tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò gba irú rẹ̀ rí ṣáájú wọn. Wá sí Adó wá ní kó tà á fún ọ, kí o sì dúró nítòsí ilẹ̀kùn.

Ọmọ Olósùnta, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo mú rúlà ọmọ mi lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo sì wọn gbogbo wọn. Mìlímítà 89 ni Robinson ti 1952. Nígbà tí mo yí i padà, ọ̀rọ̀ àtúntẹ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mi ò kà tẹ́lẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ̀ọ̀dá kò fìgbà kan sọ fún mi pé ojúlówó ni.

Àmọ́ káàdì kan wà nísàlẹ̀ agolo tí n kò kà sí, Billy Loes ti 1952, nọ́ńbà 20, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ti di róbótó, tí ọmọ kan sì ti fi yíǹkì kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Mìlímítà 95 gan-an ni. Mo kà á pé 402 ni Topps tún tẹ̀ nínú 407 lọ́dún 1983, àti pé Loes wà lára àwọn márùn-ún tí kò sí níbẹ̀, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní yíǹkì yẹn ti gé owó rẹ̀ lulẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Robinson, Hodges àti Snider ti 1955 wà níbẹ̀, wọ́n pé ìwọ̀n. Podres méjì ló sì wà. Kò sí Bowman kankan. Ará Ìlawẹ̀, bí ẹ bá ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá Reese kan tí kò lówó lórí, màá fi Podres kan pààrọ̀ fún yín, màá sì fi owó kún un.

Mo ti gbé Robinson àtúntẹ̀ náà fún ọmọ tó ń ṣe fọ́tókọ́pì kó láminéètì rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀.