Ẹ̀yin tó ti so ihò hẹ́dífóònù iwájú kéèsì mọ́ sound card, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń jáde: èèyàn ra sound card (káàdì tó ń bójú tó ohùn kọ̀ǹpútà) tó dáa, ó fi í sínú kọ̀ǹpútà, sípíkà ẹ̀yìn ń dún dáadáa, àmọ́ ihò hẹ́dífóònù tó wà níwájú kéèsì (àpótí kọ̀ǹpútà) ya odi. Kí kálukú sọ bó ṣe rí i lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Ohun tó fà á ò le. Ara motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà) ni wáyà ihò iwájú máa ń lọ, torí náà sound card tuntun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ihò kankan wà níbẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ wáyà iná kúrò lára rẹ̀, mo fọwọ́ kan irin kéèsì, mo wá tọ wáyà náà láti ẹ̀yìn ihò títí mo fi dé orí rẹ̀. Ike dúdú kékeré ni, HD AUDIO ni wọ́n kọ sí i lára. Ìlà méjì ni ojú rẹ̀, márùn-ún márùn-ún, àmọ́ wọ́n ti dí ìkẹjọ pa. Abẹ́rẹ́ irin ìkẹjọ yẹn náà ni ò sí lórí motherboard, kò sì sí lórí sound card. Òun ni ò ní jẹ́ kí èèyàn kì í sódì. Mo yọ ọ́ lára motherboard, mo kì í sórí káàdì, ohùn dé.

Kìkì pé wáyà ò fẹ́ tó. Igun ìsàlẹ̀ motherboard ni wọ́n sábà máa ń ṣe é dé, káàdì tèmi sì wà lókè díẹ̀. Ẹ má fà á o. Tí ẹ bá fà á, irin tó wà nínú ike yẹn lè yọ sẹ́yìn, ẹ ò sì ní tètè rí i. Wáyà àfikún tó ní abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án wà, òun ni mo fi sí i.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, tiyín rọrùn torí pé kéèsì yín ò tíì dàgbà. Tèmi ti pẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an, AC'97 ni ìlànà tó bá wá. Intel ló gbé ìyẹn jáde ní 1997. Ọdún 2004 ni HD Audio, ìlànà tó rọ́pò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dípò orí wáyà kan ṣoṣo, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló yọ jáde, kálukú pẹ̀lú orí tirẹ̀: MIC (máìkì), MIC-BIAS (iná máìkì), GND (ground), OUT-R àti OUT-L (ohùn tó ń lọ sí etí ọ̀tún àti òsì), RET-R àti RET-L (ọ̀nà tí ohùn ń gbà padà). Sound card mi ní tiẹ̀, HD Audio ló ń retí.

Mo ya àwòrán abẹ́rẹ́ káàdì náà sórí bébà láti inú ìwé tó bá a wá. Lórí HD Audio, abẹ́rẹ́ 1 àti 3 jẹ́ ti máìkì, 2 ni GND, 5 ni etí ọ̀tún hẹ́dífóònù, 9 ni etí òsì. Bí mo ṣe fi MIC sí 1 nìyẹn, MIC-BIAS sí 3, GND sí 2, OUT-R sí 5, OUT-L sí 9. RET méjèèjì, mo fi téèpù wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí orí wọn má baà kan bọ́ọ̀dù, mo sì dì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìdí tí RET ò fi níṣẹ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ 6 àti 10, níbi tí RET máa ń wà nínú AC'97, ti yí padà. Nínú AC'97, ohùn fúnra rẹ̀ ló ń rìn lọ síwájú. Tí kò bá sí nǹkan nínú ihò, á gba RET padà sí sípíkà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti ti orí hẹ́dífóònù bọ̀ ọ́, á ti irin kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ihò náà, ọ̀nà ẹ̀yìn já, sípíkà dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí motherboard àtijọ́ fi ní fìlà kékeré méjì (jumper) tó so 5 mọ́ 6, tó sì so 9 mọ́ 10. Ẹ yọ wọ́n láìso kéèsì mọ́ ọn, sípíkà ẹ̀yìn á yadi. Ti HD Audio kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ò gba ibẹ̀ kọjá rárá. Káàdì á rán àmì jáde láti 7. Tó bá padà gba 6, máìkì ló wọlé. Tó bá gba 10, hẹ́dífóònù ni. Ihò AC'97 ò ní ọ̀nà tó lè fi dá àmì yẹn padà.

Nítorí náà ohùn ń jáde níwájú lọ́dọ̀ mi, máìkì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n sípíkà ò mọ̀gbà tó yẹ kó dákẹ́. Èmi ni mo ń fọwọ́ yí i padà nínú app káàdì náà. Àwọn kan ní kí n fi irin so àwọn abẹ́rẹ́ àmì yẹn pọ̀. Mi ò ṣe é. Ṣé kí káàdì máa rò pé hẹ́dífóònù wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru ni?

* * *

Àlàyé yìí dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ app tí ẹ fẹnu bà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má fojú fò ó. Ní ti ASUS Xonar DX tí mò ń lò, èèyàn gbọ́dọ̀ lọ yan FP Headphone (hẹ́dífóònù iwájú) nínú app rẹ̀ kí ohùn tó gba iwájú. Wáyà lè tọ́, kí gbogbo nǹkan wà níbi tó yẹ, kí ibẹ̀ ṣì dákẹ́ lọ gbári. Mo tún lọ pa ohùn motherboard nínú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣí kọ̀ǹpútà) kí Windows má baà máa yan èyí tí mi ò fẹ́.

* * *

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ ariwo. Èmi so ó, ó dún, inú mi dùn, mo wá ṣí géèmù. Yéè! Bí graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde) ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nǹkan kan ń hó ṣìì nínú etí mi bí ẹ̀fọn. Mo yí bọ́tìnnì àárín máúsì, ariwo náà ń bá a lọ sókè-sódò. Ihò ẹ̀yìn káàdì kan náà mọ́ tónítóní.

Wáyà náà ló ń kó o. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ìbòrí irin kankan, ó sì gba abẹ́ graphics card gan-an kọjá. Mo tú u, mo gbà á ẹ̀yìn pátákó irin tí wọ́n de motherboard mọ́, mo jẹ́ kó jìnnà sí wáyà iná àti wáyà USB. Ariwo dín kù gidigidi, àmọ́ tí ilé bá dákẹ́ mo ṣì ń gbọ́ ọ. Níkẹyìn mo ra okùn àfikún 3.5 mm tó ní ìbòrí, mo ti í bọ ẹ̀yìn káàdì, mo fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì. Ó mọ́. Ní tèmi o, ẹni tó ra káàdì torí kí ohùn lè mọ́, tó wá fi wáyà irú ìyẹn gbà á síwájú, ó ń fọwọ́ ọ̀tún gbà, ó ń fọwọ́ òsì sọ ọ́ nù ni.

* * *

Linux ni mò ń lò ní tèmi. Ẹ ṣí alsamixer (app tí wọ́n fi ń ṣètò ohùn), ẹ tẹ F6, ẹ yan káàdì náà gangan. Tí ẹ bá rí MM lábẹ́ Headphone tàbí Front, wọ́n ti pa á lẹ́nu nìyẹn. Ẹ gbé ara yín síbẹ̀, ẹ tẹ M. Tí káàdì yín bá ní Auto-Mute Mode, ibẹ̀ lẹ ti máa sọ bóyá kí sípíkà dákẹ́ tí hẹ́dífóònù bá wọlé.

* * *

Ẹ máà bínú sí mi, èmi ò tú nǹkan kan. Mo fi ihò iwájú sílẹ̀ lára motherboard, sound card ń bójú tó sípíkà ẹ̀yìn. Tí mo bá fẹ́ hẹ́dífóònù, mo tẹ àmì sípíkà nísàlẹ̀ ojú Windows, mo yan èkejì. Ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń lo hẹ́dífóònù fún jù, kí ni mo fẹ́ fi ohùn olówó ńlá ṣe níbẹ̀?

* * *

Àbúrò, fún ìpè, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ hẹ́dífóònù 250 ohm ni mò ń lò, motherboard tèmi ò lágbára tó lè fi tì í, kò ju pé kó máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí wáyà yín gba abẹ́ graphics card, mo lọ wo tèmi lẹ́yìn tí mo ka ìrírí yín. Abẹ́ rẹ̀ náà ló gbà. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀fọn kankan, ṣùgbọ́n mo máa tú u lópin ọ̀sẹ̀ yìí.