Ojú ìwé Instagram nìkan ni mo fi ń ta àdìrẹ: bó bá tì ńkọ́?

Aládìrẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni kí n ti ṣe sílẹ̀ báyìí kí ọjà má bàa dúró lọ́jọ́ náà?

Bàbá Ọlọ́jà: Ẹ máa gba nọ́ńbà oníbàárà. Ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìíní 2022. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp jọ dákú fún bíi wákàtí 6. Orúkọ, nọ́ńbà, aṣọ tó rà: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ kò ní rí broadcast WhatsApp yín, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti ń sanwó ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́ kó fi pamọ́. Ènìyàn 256 ni lísìtì broadcast kan ń gbà.

Bàbá Ọlọ́jà: Ẹ tọ́jú owó SMS náà, torí ọjọ́ tí WhatsApp bá dákú.