Èsì: «Ìṣojú» kọ́ ni orúkọ ohun tí wọ́n fi aláwọ̀ dúdú ṣe nínú kàtúùnù àtijọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, mo kí yín.

Ẹni tó ní kí a máa pe bí wọ́n ṣe ya aláwọ̀ dúdú nínú kàtúùnù ìgbà ìwáṣẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní «ìṣojú», ìyẹn «representation» lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yẹ̀ wò. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ìṣojú mi, mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni òdìkejì rẹ̀, òun ló sì wà nínú «a kì í fárí lẹ́yìn olórí». Lẹ́yìn olórí ni wọ́n ti fá èyí. Ní 1928, ayàwòrán Hugh Harman fi orúkọ Bosko, ẹ̀dá inú kàtúùnù rẹ̀, sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú ni. Orí roboto tó kún fún yíǹkì, ẹnu funfun gbàràgàdà: inú eré minstrel ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ti wá, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń jó ìdérí ìgò onígi di èédú, tí wọ́n ń fi kunjú láti sín aláwọ̀ dúdú jẹ. Àdàkọ ohun tí a sín jẹ ni.

Ẹ tún wo ìyá aláwọ̀ dúdú tó ń fi ìgbálẹ̀ lé ológbò Tom kiri nínú kàtúùnù Tom and Jerry láti 1940 títí di 1952. Lillian Randolph, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ló ń fọhùn fún un, àmọ́ ẹsẹ̀ àti yẹ̀rì ni wọ́n sábà máa ń yà. Ojú tí wọn kò yà, kí ló ń wá nínú orúkọ? «Àfihàn» ni kí a lò. Ẹ fi «ìṣojú» pamọ́ de 1956, nígbà tí Floyd Norman, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú, mú pẹ́ńsùlù wọ ilé iṣẹ́ kàtúùnù Disney.

Èsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè, ṣùgbọ́n ìṣojú méjì ló wà. Ọ̀kan ti ara «ó ṣojú mi» wá, èkejì ti ara «ṣojú fún». Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin kò pàdánù orúkọ rẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ ẹnìkan kò dára. Níbo sì ni ẹ máa fi Cab Calloway, olórin aláwọ̀ dúdú, sí? Ní 1932, ilé iṣẹ́ Max Fleischer ya ijó rẹ̀ sí fíìmù fún kàtúùnù Betty Boop. Wọ́n tan fíìmù náà láti ẹ̀yìn gíláàsì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ayàwòrán ń fi pẹ́ńsùlù tọ ìlà ara rẹ̀. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ láàárín ẹyọ kan sí èkejì, ìlà á máa gbọ̀n lójú ìwòran. Ijó Calloway ni, ohùn rẹ̀ ni, ara walrus, ẹran òkun eléyín gígùn, ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Òun àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ sì hàn gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀. Àfihàn nìkan nìyẹn?

Èsì:

Ẹ̀yin méjèèjì kàn ń kọ «kàtúùnù» lọ ràì. «Àwòrán ẹ̀fẹ̀» tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́ ńkọ́?

Èsì:

Ẹ̀fẹ̀ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni. Kàtúùnù mọ́kànlá ni United Artists, ilé iṣẹ́ fíìmù, kó kúrò nínú èyí tí tẹlifíṣọ̀n lè rí lò ní 1968, nítorí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀. N kò ní fi ẹ̀fẹ̀ sórúkọ wọn.

Àbúrò, ní ti Calloway, mo gbà pé ijó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n «fún» inú «ṣojú fún» ni ẹ fò dá: ta ni walrus yẹn ṣojú fún?