Ìbò ẹgbẹ́ iṣẹ́ yín: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe rí i

Agbẹjọ́rò, Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí ìbò gómìnà bá dé, gbogbo wa la máa ń pariwo, ṣùgbọ́n ìbò tí a fi ń yan àwọn tó ń darí iṣẹ́ òòjọ́ wa, ọ̀pọ̀ wa kì í bìkítà fún un. Ó ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa agbẹjọ́rò bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin tó kù fi tiyín lé e.

Tẹ́lẹ̀, àwọn aṣojú ẹ̀ka ló ń dìbò yan ààrẹ NBA, ẹgbẹ́ àwa agbẹjọ́rò Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ ipò náà mọ àwọn tó yẹ kó lọ kí nílé. Àwa yòókù, èsì la kàn ń gbọ́. Òfin ẹgbẹ́ ti 2015 ló yí i padà. Láti 2016 ni gbogbo agbẹjọ́rò tó bá kúnjú òṣùwọ̀n ti ń dìbò fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A. B. Mahmoud ló wọlé lọ́dún yẹn.

Kí ẹ tó lè dìbò, ẹ gbọ́dọ̀ ti san owó tí agbẹjọ́rò ń san kó tó lè ṣiṣẹ́ lọ́dún náà, àti owó ẹ̀ka yín, ó pẹ́ tán 31 oṣù Kẹta. Oṣù Keje ni ìbò sábà máa ń wáyé, nítorí náà, nígbà tí àwọn olùdíje bá fi máa lẹ fọ́tò wọn káàkiri, wọ́n ti mọ ẹni tó lè dìbò àti ẹni tí kò lè dì í. Lójú tèmi, ìwé orúkọ olùdìbò ni ìbò gan-an.

Ní 2020, èmi ni wọ́n ní kí n bá àwọn àgbà ọ́fíìsì wa yẹ orúkọ wọn wò. Ọ̀gá wa kan, tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, jókòó tì mí. Orúkọ wọn pé, nọ́ńbà tí Supreme Court fún wọn nígbà tí wọ́n di agbẹjọ́rò pé, ẹ̀ka wọn pé. Mo wá dé ibi íméèlì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, íméèlì ta nìyí?"

Wọ́n bọ́ awò wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú. "Háà. Ti akọ̀wé mi àtijọ́ nìyẹn. Òun ló ń bá mi ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nígbà náà."

Akọ̀wé náà ti wà ní Kánádà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kóòdù ìdìbò ọ̀gá wa ìbá bọ́ sí. A kọ̀wé àtúnṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n sì tún un ṣe kí ọjọ́ ìbò tó pé.

Bí ẹ bá rò pé nǹkan kékeré ni, ẹ wo 2018. Paul Usoro ní ìbò 4,509, Arthur Obi-Okafor ní 4,423. Ẹni 86 péré ló wà láàárín wọn! EFCC sì padà gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ l'Ékòó lórí ìbò yẹn, wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n lo orúkọ àwọn agbẹjọ́rò ẹlòmíì.

Ìbò 2020 náà kò ṣeé gbàgbé, pàápàá fún àwa Yorùbá. Ìwọ̀-Oòrùn ló kàn láti mú ààrẹ wá. Ẹgbẹ́ Amòfin, ẹgbẹ́ àwa agbẹjọ́rò Yorùbá, fọwọ́ sí Délé Adéṣínà, Babátúndé Àjíbádé náà jáde, SAN (àgbà agbẹjọ́rò) sì ni àwọn méjèèjì. Olumide Akpata, ọmọ Ẹdó, tí kì í ṣe SAN, ló gbà á pẹ̀lú ìbò 9,891. Àjíbádé ní 4,328, Adéṣínà ní 3,982. Ẹ ro ti àwọn méjèèjì pọ̀, kò tó tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó sílé, wọ́n tẹ fóònù wọn. Bó bá jẹ́ ti aṣojú ni, n kò rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ láéláé.

Àwọn kan ń sọ pé kí a padà sí ti aṣojú, pé íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbàgbé Port Harcourt ní 1992? Ìbò aṣojú ló dàrú níbẹ̀, NBA kò sì ní àwọn aláṣẹ àpapọ̀ mọ́ títí di 1998.

Akáńtà, Èkó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Tiwa yàtọ̀. ICAN, ẹgbẹ́ àwa akáńtà, tí òfin 1965 dá sílẹ̀, kì í jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ dìbò yan ààrẹ. Ìgbìmọ̀ là ń yàn. Ìgbìmọ̀ ló ń yan ẹni tó máa gun àtẹ̀gùn láti igbákejì kékeré títí dé ipò ààrẹ. Ìbò ìgbìmọ̀ yẹn ni agbára wa mọ sí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi kì í kàwé nípa olùdíje. Èmi máa ń kà á: ta ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ta ló ń yẹ ìwé owó wò, ta ló ń kọ́ni ní yunifásítì. Bí gbogbo wọn bá ti ilé iṣẹ́ ńláńlá wá, ta ló máa rántí akáńtà tó dá ọ́fíìsì kékeré sílẹ̀ ní Òṣogbo?

Nọ́ọ̀sì, London:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ̀yin tiẹ̀ ń rí ìbò dì. Nígbà tí mo dé ibí, mo bi ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa pé ìgbà wo la máa dìbò yan àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ìyẹn ti parí láti 2009, pé ńṣe ni wọ́n ń yàn wọ́n sípò báyìí, ìdajì nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ìdajì ará ìlú. Ti àwọn dókítà náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Shipman, dókítà tó ń pa àwọn aláìsàn rẹ̀, wà lára ohun tó fà á: adájọ́ Janet Smith sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ní 2004 pé àwọn tí dókítà bá dìbò yàn lè máa ṣojú dókítà ju aláìsàn lọ.

Mo rò ó dáadáa, mo sì gbà pé ó yẹ kí ará ìlú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí ìbò tèmi náà wà níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò, Ìbàdàn:

Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín o. Kò sí ará ìlú kankan lára àwọn aláṣẹ NBA tiwa, n kò sì tíì ro ìyẹn rí títí ẹ fi sọ ọ́. Ẹ̀yin apòògùn àti ẹnjiníà, tiyín ńkọ́?