Kí ni kí n sọ fún ọmọ tó ní kí àwọn ológun padà wá?

Olùkọ́-Kàbà:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama àgbà ní Kàbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń ṣàlàyé ìwé òfin ọdún 1999, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní awakọ̀ èrò láti Kàbà sí Ẹ̀gbẹ́ ni bàbá òun, àti pé kòtò tó ń ba ọkọ̀ bàbá òun jẹ́ ti wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó bí òun. Ó ní àwọn ológun gba ìjọba ní Màlì, ní Bùrùkínà Fasò àti ní Nìjẹ̀ láàárín ọdún 2020 sí 2023, àwọn ará ìlú sì jáde, wọ́n ń jó. Ó wá bi mí pé kí ni à ń dáàbò bò gan-an. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo dáhùn pé òfin ló ní kí ìjọba rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò kò sì mọ sí Nàìjíríà nìkan. Ìjọba tí ará ìlú ń dìbò yàn, tí òfin ká lọ́wọ́ kò, tí ilé ẹjọ́ lè dá lẹ́bi, tí ẹnikẹ́ni sì lè bu ẹnu àtẹ́ lù láìsùn sí àtìmọ́lé: bí irú rẹ̀ bá pa run láyé, kí ni ìran ènìyàn yóò pàdánù?

Bàbá-Ìsánlú:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò bínú sí ọmọ náà, nítorí àwa náà jó. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, nígbà tí wọ́n kéde lórí rédíò pé àwọn ológun ti lé àwọn olóṣèlú lọ, èmi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń hó ní ìta. Iye mi, ìyá mi nìyẹn, ń ta iyọ̀, ọṣẹ àti mílíìkì alágolo ní ọjà nígbà náà. Kò pẹ́ tí àwọn sọ́jà fi dé tàwọn ti kóbókò, wọ́n ní ọjà ti wọ́n jù, wọ́n sì fi ipá mú iye mi ta gbogbo rẹ̀ ní owó tí kò tó èyí tó fi rà á, wọ́n dúró tì í títí àtẹ fi gbẹ. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ṣì ń wò ó bí ó ṣe mú àpò iyọ̀ tó ti ṣófo, tó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, tó tún ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Kò sí ibi tí a lè gbé ẹjọ́ náà lọ ni. Wọ́n ti tú ilé aṣòfin ká. Òfin ológun Kejì ti ọdún 1984 fún wọn láṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́, Ẹ̀kẹrin sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún oníròyìn láti kọ ohun tó lè dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àwọn oníròyìn méjì, Túndé Thompson àti Nduka Irabor, ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀ pé òun dìde ní gbangba, òun sọ̀rọ̀ kòtò, òun sì sùn sí ilé bàbá òun lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọmọ-Mọpà:

Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní ọdún 1998, ṣàkíyèsí pé ìyàn ńlá tó ń pa ènìyàn lọ rẹpẹtẹ kì í wáyé níbi tí ìbò gidi àti ìwé ìròyìn tí kò bẹ̀rù bá wà. Ọmọdé ni nígbà tí ìyàn Bengal pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní ọdún 1943 lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà tí Íńdíà ti gba òmìnira ní ọdún 1947, ọ̀dá ti dá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ebi sì ń pa tálákà ibẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n irú ìyàn bẹ́ẹ̀ kò tún ṣẹlẹ̀. Ní Ṣáínà, láàárín ọdún 1959 sí 1961, ìṣirò Sen ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 ló kú.

Ẹ wo bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn aláṣẹ abúlé ń bẹ̀rù àwọn tó wà lókè, wọ́n sì ń kọ̀wé pé ìkórè pọ̀ yanturu. Àwọn tó wà lókè gba ìwé náà gbọ́, wọ́n sì ń kó ọkà kúrò ní abúlé tí ebi ti ń pa. Ẹni tó bá sọ òótọ́ di ọ̀tá ìjọba. Ẹni tí a dìbò yàn kò fi dandan gbọ́n ju ológun lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìròyìn burúkú lè dé etí rẹ̀, bí ó bá sì di etí, a lè yọ ọ́.

Awakọ̀-Ẹ̀gbẹ́:

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣáínà yìí kan náà ti yọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ènìyàn kúrò nínú ìṣẹ́ láti ọdún 1978, kò sì sí ẹni tó dìbò yan olórí wọn. Ní tiwa, mo ti fojú ara mi rí ibi tí wọ́n ti ń fowó ra ìbò lẹ́yìn ilé ìwé. Kí ni òmìnira ń ṣe fún ẹni tí ebi ń pa?

Agbẹjọ́rò-Ìyàrà:

Àbúrò, òótọ́ ni o sọ, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ikú Mao, olórí wọn ní àsìkò ìyàn yẹn, ní ọdún 1976 ni Ṣáínà tó yí ọ̀nà padà. Ikú rẹ̀ ni wọ́n ní láti dúró dè. Ní ti ìbò rírà, ó burú, àmọ́ ẹni tó ń ra ìbò mọ̀ pé ìbò náà lágbára. Ológun tó fẹ́ gbàjọba kì í ra ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹkùn ìwọ̀-oòrùn Kogí wa yìí. Ní ọdún 2017, wọ́n gbé ìwé lọ síwájú àjọ elétò ìdìbò pé ó ju ìdajì àwọn olùdìbò wa lọ tó fọwọ́ sí i pé kí sẹ́nétọ̀ wa padà wálé, èyí tí abala 69 nínú ìwé òfin fàyè gbà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, àjọ náà ní kí àwọn tó fọwọ́ sí i jáde kí a rí wọn. Àwọn tí wọ́n fìdí wọn múlẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. N kò sọ ti pé ọkùnrin náà dára tàbí kò dára. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìwé nìkan kò tó. Ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ hàn. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní ọdún 2024, Ààrẹ Macky Sall sún ìbò síwájú, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwé òfin fagi lé e, Bassirou Diomaye Faye tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé sì wọlé. Sall gbé ìjọba sílẹ̀, ó lọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ òdìkejì rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Bídá ń kó wọn lẹ́rú títí di ọdún 1897, tí ọmọ ogun Royal Niger Company fi gba Kàbà kọjá lọ ṣẹ́gun Bídá; oníṣòwò tí àwọn olówó rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá di ọ̀gá, títí wọ́n fi ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Ọ̀gá ń yí padà, kò sí ẹni tó bi ará Kàbà léèrè.

Èyí tó ń bọ̀ níwájú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Aninilára àtijọ́ nílò amí rẹpẹtẹ, tí àárẹ̀ lè mú, tí àánú sì lè ṣe. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń dá ojú ènìyàn mọ̀ láàárín èrò ti wà, kì í sì í sùn. Bí irú agbára yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ kò lè pè, wọn yóò ti mú ẹni tó fẹ́ kọ̀ fún un kí ó tó la ẹnu, àwọn ọmọ wa sì lè má rí ọ̀nà àbáyọ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a tún ilé yìí ṣe nígbà tí ọwọ́ wa ṣì ń tó òrùlé rẹ̀.

Olùkọ́-Kàbà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ àpò iyọ̀ náà fún wọn lánàá. Ọmọkùnrin yẹn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè ta ni òun lè kọ̀wé sí nípa kòtò náà. A jùmọ̀ kọ lẹ́tà sí aṣojú wa ní ilé aṣòfin ní Àbújá, gbogbo kíláàsì sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí òun kọ orúkọ bàbá òun mọ́ ọn. Mo ní rárá, kí bàbá wá fúnra rẹ̀. Ní òwúrọ̀ òní, ọkọ̀ èrò kan dúró ní ẹnu géètì wa, àwọn èrò ṣì wà nínú rẹ̀. Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó gbé lẹ́tà náà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì buwọ́ lù ú.