Bàtà wo ló lè gba àpáta òkè oníná?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìmọ̀ àpáta ni mò ń ṣe. Lóṣù tó kọjá, mo rìn lórí àpáta tí Òkè Cameroon tú jáde ní 1999, èyí tó gé títì etí òkun ní Bakingili. Ó mú bí ìgò fífọ́! Lọ́jọ́ kejì, àtẹ́lẹ̀ bàtà mi ti la ẹnu bí ọ̀nì. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó tún ṣí. Aránbàtà kan ní Buea ló fi okùn rán an tí mo fi délé. Bàtà òjò kò sì lè di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Mo fẹ́ padà lọ láìpẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin irú ibẹ̀ rí, ṣé bàtà tí wọ́n rán àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ni kí n rà, àbí èyí tí wọ́n lẹ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣé o, mo dúpẹ́ ṣáájú.