Ẹ gbà mí o, ìjọba ní epo mi kì í ṣe epo!

Alákẹ́rù Houston: Ẹ̀yin ará mi, mi ò sùn láti àná. Tírélà mẹ́rin ni mo ní, mo kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn tí kì í lo dísù lásán, oṣù mẹ́ta gbáko, owó ni mo fi gbé e fún ẹni tó bá mi kọ ọ́, ìyàwó mi ò sì yé pariwo lórí owó yẹn, àfìgbà tí wọ́n fèsì pé epo mi ò yẹ. Bíódísù ni mo ń rà o, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é! Àbí nítorí orúkọ mi ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ bọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n mi náà sanwó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Maryland, títí dòní a ò rí ẹsẹ̀ ẹ̀.

Mẹkáníìkì Àgbà: B mélòó ni? Ìdá mélòó nínú 100 ni bíódísù inú ẹ̀?

Alákẹ́rù Houston: Bíódísù ni mo ní sà. Ó tún wọ́n.

Dàda: Ẹ lọ ka òfin epo àti agbára tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1992. B100, bíódísù pọ́ńbélé, ló kà sí epo àrọ́pò, epo tó ní ẹtanọ́ọ̀lù (ọtí tí wọ́n ń lò bí epo ọkọ̀) náà, ẹtanọ́ọ̀lù inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 85 nínú 100. Àdàlù B20 ò sí níbẹ̀. Ó parí.

Mẹkáníìkì Àgbà: Ta ló ní ó parí? Ní 1998 wọ́n yí i padà díẹ̀, iléeṣẹ́ tí òfin yẹn dè tó bá ń lo B20 sókè, bíódísù pọ́ńbélé inú ẹ̀ bá ti pé gálọ́ọ̀nù 450, wọ́n á kà á sí ọkọ̀ kan fún un lára ọkọ̀ epo àrọ́pò tí òfin ní kó rà.

Dàda: Kirédíìtì nìyẹn sà, wọ́n kàn fi ń ka ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ ni, kì í ṣe gíráǹtì, owó ìrànwọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń béèrè.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi ra E85, epo ẹtanọ́ọ̀lù yẹn, lọ Dallas nítorí ó pọ́ọ́kú. Kíá ló jó tán, a tún yà rà lọ́nà.

Alákẹ́rù Houston: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo rìsíìtì ni o. B5 ni wọ́n kọ.

Mẹkáníìkì Àgbà: Háà! Dísù lásán nìyẹn. Tí bíódísù inú ẹ̀ ò bá ti ju ìdá 5 lọ, wọn kì í tiẹ̀ lẹ nǹkan kan mọ́ pọ́ǹpù. Kí ni ẹ wá kọ sínú fọ́ọ̀mù?

Alákẹ́rù Houston: B20 ni àbúrò ìyàwó mi kọ. Èmi kàn fọwọ́ sí i ni.

Dàda: Ẹ fọwọ́ sí i? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kọ nǹkan míì síbí mọ́, ẹ wá lọ́yà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dúró ná. Àbúrò ìyàwó yín ló gbowó, ìyàwó yín sì ń pariwo owó?

Alákẹ́rù Houston: Mi ò tíì san án tán ni mà.